Ọwọ́ Yèyé àti Tẹmómítà Mi

Ìyàwó mìíràn a máa gbé ìkòkò, ẹní àti àdìrẹ lọ sílé ọkọ. Èmi náà gbé wọn, nítorí ìyá mi aláró kò ní jẹ́ kí n jáde kúrò ní Òṣogbo lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi sáàárín aṣọ, tí mo ń fọwọ́ tẹ̀ wò níbi gbogbo tí ọkọ̀ bá ti dúró, ni tẹmómítà kan nínú àpò irin tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ.

Ó ku ọdún mélòó kan kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà náà. Kí n tó lọ́kọ, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òṣogbo. Mo ń nulẹ̀, mo ń fọ abọ́, mo sì ń fọ tẹmómítà. Omi tútù la fi ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dán omi gbígbóná wò, yóò gbọ́ "kà", omi fàdákà inú rẹ̀ yóò sì fọ́n káàkiri ilẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ rí i pé mo máa ń yọjú wo àwọn ìlà ara rẹ̀, ni wọ́n bá kọ́ mi bí a ṣe ń kà á. Wọ́n ní ibi tí ọfà pupa wà, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún àti díẹ̀, ni ara ẹni tó dá ṣáṣá. Bó bá kọjá ọgọ́rùn-ún, ibà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bó bá dé mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún lára ọmọdé, kí ènìyàn má jókòó mọ́, torí gìrì lè dé nígbàkúgbà. Nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ, wọ́n fún mi ní ọ̀kan. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́. Ìta ni mo ti sáré padà.

Abúlé kan lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni ilé ọkọ mi wà, kò jìnnà sí Ìpetu. Kòkó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti obì díẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ló ń darí ilé. Èdè Ìjẹ̀ṣà ni Yèyé ń sọ, bí etí Òṣogbo mi ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kí tẹmómítà mi tó dé abúlé náà, ọwọ́ ọ̀tún Yèyé ni wọ́n ń lò. Ọmọ kì í sunkún lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá rẹ̀ tó gbé e wá. Yèyé yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọmọ náà lọ́rùn, wọn yóò dijú, wọn yóò sì dá ẹjọ́: "Ibà ni." Tàbí, "Eyín ló ń hù." Tàbí kí wọ́n wo ìyá ọmọ láti òkè délẹ̀, kí wọ́n ní, "Ebi ni. Lọ fún un lóúnjẹ." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun tí wọ́n wí máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ṣe, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ọmọ mẹ́jọ ni Yèyé bí, mẹ́ta ló kù. Ẹni tó sin ọmọ márùn-ún, kò sí bí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe ní mọ ibà.

Èmi ni mo gbéra ga. Wọn kò tíì gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà tí n ó ti yọ tẹmómítà. Yèyé yóò fọwọ́ kan ọmọ náà ní tiwọn, wọn yóò ká ọwọ́ gbera, wọn yóò máa wò mí bí mo ṣe di apá ọmọ náà mú tí mo ń kà lábẹ́ ẹnu.

"Ìyàwó Òṣogbo, kí ni dígí rẹ wí?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni, Yèyé. Ibà ni."

"Mo ti wí bẹ́ẹ̀ kí o tó jókòó."

Ohun kan wà tí n kò mọ̀. Ní ilé ìwòsàn, èmi ni mo ń fọ tẹmómítà, nọ́ọ̀sì ló ń gbọ̀n ọ́n. Omi fàdákà yẹn, bó bá ti gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹni àná gbé e dé ni yóò dúró sí títí ẹnìkan yóò fi gbọ̀n ọ́n wálẹ̀. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, mo sì rò pé omi tí a fi fọ̀ ọ́ ni wọ́n ń gbọ̀n dànù. Torí náà, nígbà tí mo fi wọn ọmọ aládùúgbò kan tí ibà dá wó, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà sínú àpò. Ọjọ́ kejì ni mo fi sí abíyá ọmọ tèmi, àkọ́bí mi obìnrin, torí pé kò sùn dáadáa. Mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún!

Mo kígbe. Mo gbé ọmọ pọ̀n, n kò wọ bàtà. A wọ ọkọ̀ tó ń kó pákó lọ sí Iléṣà, gbogbo èrò ọkọ̀ sì ń bá mi ṣàdúrà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba tẹmómítà lọ́wọ́ mi, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi sí abíyá ọmọ náà: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọmọ náà ń fi fìlà nọ́ọ̀sì ṣeré.

"Ta lo fi wọ̀n ṣáájú rẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì bi mí. Ìgbà náà ni mo rántí ọmọ aládùúgbò wa.

Ìròyìn náà ṣáájú mi délé. Ìyàwó Mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ni àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí létí odò. Yèyé kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ogún ọdún ni wọ́n ní irọ́ ń rìn kí òtítọ́ tó bá a. Ti dígí tìrẹ ò pé ọjọ́ méjì." Ó dùn mí ju èébú lọ. Mo ti tẹmómítà bọ ìsàlẹ̀ àpótí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni àsìkò kòkó dé, ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti la kòkó, a ó kó hóró rẹ̀ tútù tó ń yọ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó sì fi ewé bò ó. Láàárín ọjọ́ méjì, òkìtì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀, yóò máa rú èéfín láàárọ̀. Ó ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ yí i, ó ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ kó o síta sá. Ọwọ́ Yèyé náà ló ń sọ èyí. Wọn yóò ki ọwọ́ bọ inú òkìtì títí dé ìgúnpá, wọn yóò dijú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́rùn ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mi kò mu ẹ̀kọ. Ó kàn gbé orí lé àyà mi, ojú rẹ̀ ń dán. Mo gbé e lọ bá Yèyé lẹ́yìn ilé. Àwọn àti ọkọ mi ti ń yí òkìtì kòkó láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, omi kòkó ti dé ìgúnpá àwọn méjèèjì, ibẹ̀ sì ń rùn bí ọtí kíkan. Yèyé fi ìró nu ọwọ́, wọ́n fi kan ọrùn ọmọ náà, wọ́n dijú.

"Ara rẹ̀ tutù," ni wọ́n wí. "Eyín ni."

Ọkọ mi náà fọwọ́ kàn án níwájú orí. "Tutù ni," lòun náà wí.

Mo padà sínú ilé, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Ọwọ́ tèmi ní ọmọ náà gbóná, àmọ́ kí ni ọwọ́ mi jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Yèyé? Mo tú àpótí, mo yọ tẹmómítà, mo gbọ̀n ọ́n títí ọrùn ọwọ́ fi ń dùn mí. Mo fi sí abíyá ọmọ náà, mo di apá rẹ̀ mú. Nígbà tí mo yọ ọ́, mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ló wà.

Ẹ̀rù bà mí, kì í sì í ṣe ibà ọmọ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Iye yẹn ni, iye kan náà tó dójú tì mí. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Mo tún un gbọ̀n, mo fi sí abíyá ara mi: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo tún un gbọ̀n, mo fi sí ti ọmọ: mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún àti ìlà kan lé. Mo jáde sí wọn pẹ̀lú ọmọ lápá kan, tẹmómítà lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Iléṣà."

Yèyé kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Irọ́ tí dígí yẹn pa lọ́jọ́sí ló tún ń pa."

Mo wo ọkọ mi. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ kì í pẹ́ kọjá láàárọ̀, bó bá sì ti lọ, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó rí òmíràn. "Jẹ́ ká dúró wò ó di ọ̀sán," ni ó wí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. Ọwọ́ tó tọ́ ọ dàgbà ló gbà gbọ́.

Inú bí mi. Mi ò gbọ́n ọgbọ́n kankan lọ́jọ́ náà, inú ló bí mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú Yèyé, mo na orí sí wọn. "Yèyé, ẹ fọwọ́ kan èmi tí ara mi dá, kẹ́ ẹ wá mọ ìyàtọ̀!"

Wọ́n fọwọ́ kàn mí. Ojú wọn yí padà díẹ̀. "Ìwọ náà tutù," ni wọ́n wí, "bí omi àmù." Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi. Òun náà tutù. Wọ́n gbé ọwọ́ náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, wọ́n wo òkìtì kòkó tó ń rú èéfín níwájú wa. Ooru kòkó ti wọ ọwọ́ náà.

Wọ́n dìde. Wọ́n lọ síbi àmù, wọ́n bu omi sínú igbá, wọ́n ri ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ọwọ́ gbẹ, wọ́n wá, wọ́n fi kan ọrùn ọmọ náà. Wọ́n fà á sẹ́yìn kíá.

"Yéè! Uná ni!"

Iná ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà. Kí n tó dìde, Yèyé ti já ọmọ gbà lápá mi, wọ́n ti gbé e pọ̀n, wọ́n ti dé ojú títì, omi kòkó sì wà lápá wọn síbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló dúró sáàárín ọ̀nà tí awakọ̀ fi tẹ bíréèkì. Wọ́n ń bú awakọ̀ náà, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ní Iléṣà ni gìrì gbé ọmọ náà. Ó le gbagidi, ojú rẹ̀ yí sókè. Bó bá jẹ́ pé a dúró di ọ̀sán ni, abúlé ni ìbá ti bá a. Àwọn nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n fi omi nù ún, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, ó mu ọyàn. Alihamudulilai ni mo ń wí, n kò mọ iye ìgbà.

Yèyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Mo rò pé ó ń dùn wọ́n ni. Mo bi wọ́n.

"Ìkẹta nínú àwọn ọmọ mi tó kú," ni wọ́n wí, "ọkùnrin ni. Ó ti ń rìn. Àsìkò kòkó ni. Mo fọwọ́ kàn án, mo ní ara rẹ̀ tutù, mo padà sídìí kòkó mi. Gìrì ló pa á. Ayé ni mo ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ náà wá. Obìnrin kan wà ládùúgbò tí mi ò kí títí ó fi kú."

Gbogbo àṣeyọrí tí mo rò pé mo ṣe lọ́jọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó tì wọ́n títí àwọn nọ́ọ̀sì fi pè wá.

Kòkó kò tíì tán lóko nígbà tí obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá fún Yèyé. Ìdí òkìtì ni ó bá wọn. Yèyé ní kó dúró. Wọ́n lọ síbi àmù, wọ́n ri ọwọ́ sínú omi, wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, lágbára, láti ìgúnpá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń rí mi tí mò ń gbọn tẹmómítà láti ìgbà tí a ti Iléṣà dé. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, wọ́n dijú, ṣùgbọ́n wọn kò dá ẹjọ́. Wọ́n yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú àpò irin lọ́wọ́.

"Gbọn tìrẹ náà," ni wọ́n wí.