Sódìq Awakọ̀ Ogun àti Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ọmọ Ṣakí ni Sódìq Ládòkun. Ràmọ́nì ọlọ́dẹ ló bí i. Nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò mọ ọ̀kadà gùn fẹ́ lọ wa bàálù. Ó sì wà á. Bàálù ogun ni, ti ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n gbé e lọ sí ogun òkè Ọya. Ibi yòówù kí àwọn ọlọ́tẹ̀ kó ọkọ̀ oníbọn pamọ́ sí, òun ló ń rí i. Ó ba ọkọ̀ wọn jẹ́ débi pé àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ń pè é ní Àwòdì. Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò, ọkàn wọn á balẹ̀.

Méjì méjì ni wọ́n ń fò. Ẹni iwájú á dojú kọ ọ̀tá, ẹni ẹ̀yìn á máa ṣọ́ ọ. Dáníẹ́lì ló ń ṣọ́ Sódìq. Sódìq ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ti mú un wá sí Ṣakí rí, Àwáwù ìyá rẹ̀ gúnyán fún un.

Lọ́jọ́ tí ọta ìbọn ba bàálù Sódìq, ó fi agboòrùn ńlá tí awakọ̀ òfurufú fi ń bọ́ sílẹ̀ balẹ̀ sínú pápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ́. Dáníẹ́lì yí wá sókè rẹ̀, ó wálẹ̀ débi pé Sódìq rí akoto lórí rẹ̀. Sódìq ju aṣọ agboòrùn náà sókè. Dáníẹ́lì mi apá bàálù sí i, bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn. Sódìq sọ lọ́kàn rẹ̀ pé wọn ó wá gbé òun kílẹ̀ tó ṣú. Ìbọn tún dún láti inú igbó. Dáníẹ́lì lọ.

Ẹnì kankan ò wá. Sódìq rákò, ó sá pamọ́, títí Fúlàní darandaran kan fi gbé e sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé òun ti kú. Dáníẹ́lì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bàálù jó mọ́ ọn, òun ò rí agboòrùn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi wá a.

Nígbà tó délé, Àwáwù dì mọ́ ọn. Ràmọ́nì ní Dáníẹ́lì ti wá túfọ̀, àwọn sì ti kírun òkú.

“Ṣé ó jẹun níbí, Bàbá?”

“Ó jẹun.”

Láàárín àwọn ọdẹ wọn, ẹni tó bá dá bọ̀ láti igbó kì í jẹun nílé ẹnìkejì rẹ̀ títí wọn ó fi rí òkú tàbí ààyè. Bó bá jẹun, wọ́n á bi í léèrè dáadáa ohun tó ṣe ẹnìkejì rẹ̀.

“Mo rí i tó ń jẹun,” Ràmọ́nì wí. “Mo ní àjèjì ni, kò mọ èèwọ̀ wa. Mo tún bu ẹran fún un.”

Àwọn ọ̀gá pe Sódìq àti Dáníẹ́lì jọ. Sódìq ò ní kí wọ́n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Kí Dáníẹ́lì ṣáà sọ pé òun rí i. Dáníẹ́lì dúró lórí irọ́ rẹ̀. Ọ̀gá kan ní èéfín pọ̀ lọ́jọ́ náà, kí Sódìq má bínú, ogun nìyẹn.

Níta, Dáníẹ́lì sáré bá a.

“Ọ̀gá, mo rí yín. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ níwájú wọn, wọ́n á lé mi.”

“Padà wọlé, kó o sọ ọ́.”

Dáníẹ́lì ní kí Sódìq ṣáà dúpẹ́ pé ó yè é. Kò wọlé.

Ẹsẹ̀ Sódìq san. Wọ́n fún un ní ẹlòmíì tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ gidi ni. Sódìq jókòó sínú bàálù, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọmọ náà nínú bàálù tirẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀.

Iṣu ló ń gbìn báyìí lọ́nà Ogbooro. Àwọn ará oko ní kó wá bá àwọn ṣe àáró, kí wọ́n jọ kọ ebè ẹni yìí lónìí, ti ẹni yẹn lọ́la. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òun nìkan ló ń kọ ebè rẹ̀.