Ọrùn Súwáànì Lọ́wọ́ Aránṣọ

Láti ìgbà tí Aránṣọ ti wọlé ọkọ ló ti ń bá ẹyẹ jowú. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Adágún, ló ń tọ́jú adágún ńlá inú ọgbà ẹyẹ, níbi tí wọ́n kó pẹ́pẹ́yẹ àti ẹbí wọn jọ láti gbogbo ayé. Ẹ̀gbẹ́ géètì ọgbà náà gan-an nilé wọn wà. Bàbá Adágún á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, bí ìyàwó bá sì ń sọ̀rọ̀ ilé, pẹ́pẹ́yẹ tó ń sàba lòun á máa rò.

“Ẹlòmíì ní orogún,” Aránṣọ á wí fún àwọn tó bá wá wọn aṣọ, “tèmi ní ìyẹ́ lápá.” Wọn á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rín.

Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe gbé ọkùnrin náà ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ há mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀gá ọgbà wá kí i, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sá.

“Ìyá, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ adágún ló ń gbé ilé yìí. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò bá lè dúró fún un, ẹlòmíì ni n ó gbà.”

Kí ni Aránṣọ fẹ́ ṣe? Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà ọkọ rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ẹyẹ lọ.

Ẹ̀rù ẹyẹ sì ń bà á. Orí ibùsùn ni ọkọ ti ń kọ́ ọ, pẹ̀lú ọwọ́ òsì nìkan. Tó bá na ọwọ́ sí ọrùn, tó tún nà án sí aṣọ dúdú, súwáànì ọlọ́rùn dúdú ló ń wí, ẹyẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tó ń pọn ọmọ sẹ́yìn lórí omi bí abiyamọ. Èyí tó dú látòkè délẹ̀, tí àgógó rẹ̀ pupa, Ọsirélíà ni tiẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ olójú funfun wà tí wọn kì í ké, tó jẹ́ pé wọ́n ń súfèé ni, bí ẹni tó ń pe ọ̀rẹ́ lójú pópó. Akọ pẹ́pẹ́yẹ kékeré ará Ṣáínà kan sì wà tó múra ju obìnrin rẹ̀ lọ: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ lára ẹyẹ kan ṣoṣo. Òun ni ààyò Bàbá Adágún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Aránṣọ rí i dáadáa, ó gbàgbé oúnjẹ ẹyẹ sọ́wọ́.

Àmọ́ Sójà ò ṣe é wò báyẹn. Akọ súwáànì funfun ni, tó ní kókó dúdú níwájú orí. Ó ti fi apá gbá Aránṣọ sínú ẹrẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, ọmọrí agbada ni obìnrin náà fi ń ṣe asà tó bá fẹ́ kọjá.

Lọ́dún yẹn, òjò kọ̀, kò rọ̀. Oòrùn ń mú, adágún ń fà, omi rẹ̀ ń rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Aránṣọ bá pẹ́pẹ́yẹ kan tó dojú délẹ̀ lójú omi. Òmíràn wà létí bèbè, kò lè na apá, ọrùn rẹ̀ rọ bí aṣọ tútù. Ó tẹ dókítà ẹranko láago.

Ọmọbìnrin ni dókítà náà. Aṣọ funfun ló fi bo ara látorí dé ẹsẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára èyí tó wà láàyè, ó di òkú sínú ọ̀rá, ó dìde.

“Ìyá, mo fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yìí wò. Ẹ má jáde kúrò nínú ọgbà, ẹ má sì fọwọ́ kan ẹyẹ kankan. Àrùn kan wà tó ń pa wọ́n, tó sì lè ran èèyàn. Tó bá jẹ́ òun ni, gbogbo ohun tó níyẹ̀ẹ́ níbí la máa pa.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn, mà. Mi ò ní parọ́ fún yín.”

Wọ́n ti géètì pa. Aránṣọ jókòó sínú yàrá oúnjẹ ẹyẹ. Ó ń wo òrùlé ilé tirẹ̀ lókèèrè, kò lè dé ibẹ̀. Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ni, tó ń tọ́jú aláìsàn.

“Ìyàwó, ó ń nawọ́ sí fèrèsé. Kí ni kí n sọ fún un?”

“Ẹ ní à ń fọ adágún, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mo ti sọ ọ́. Kò gbà mí gbọ́. Ó ń sunkún.”

Aránṣọ pa fóònù. Ó jáde síta, ibẹ̀ ló ti rí Sójà láàárín omi. Ọrùn tó máa ń nà ṣánṣán ti ń tẹ̀. Orí kan omi, ó gbé e sókè, ó tún kan omi. Abo rẹ̀ ń yí i ká, ó ń ké.

“Dókítà ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án,” Aránṣọ sọ sókè, bí ẹni pé ẹnìkan bi í. Orí Sójà wọmi, kò sì gòkè mọ́.

Kò mọ ìgbà tó bẹ́ sómi. Ẹrẹ̀ gbá bàtà mú, ó yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ. Omi dé àyà kó tó gbá ọrùn náà mú, tó gbé orí náà lé èjìká. Ẹyẹ náà húkọ́, ó mí. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Kò lè gbé e, kò sì lè fi í sílẹ̀. Abo súwáànì na apá méjèèjì, ó ń bọ̀ wá bá a, ó ń pòṣé bí ejò.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Aránṣọ ń wí, ojú rẹ̀ dì pa. “Ọkọ yín ni mo gbé dání. Èmi náà ní ọkọ nílé.”

Abo náà dúró. Kò lù ú, kò lọ.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Apá ro Aránṣọ títí tí kò fi mọ̀ pé òun ní apá mọ́. Oòrùn ń ta á lórí, ó sì ń rò ó pé bóyá ikú òun ni òun gbé sọ́rùn yìí, pé ta ni yóò máa bu oúnjẹ fún ọkùnrin yẹn.

Ìgbà tó yá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ eré. Dókítà ni, ó ti tú ìbòjú.

“Kì í ṣe òun! Ìyá, kì í ṣe àrùn yẹn! Májèlé ni, látinú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, nítorí omi ti gbóná, ó ti rà! Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ omi?”

“Ẹ bá mi gbé e ná, kẹ́ ẹ tó bú mi!”

Àwọn méjèèjì ni wọ́n wọ́ Sójà gòkè.

Wọ́n fa omi náà gbẹ, wọ́n da tuntun sí i. Aránṣọ ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ da omi mímọ́ sọ́fun àwọn tó rọ. Ọ̀pọ̀ yè. Ọ̀pọ̀ ò yè: ìdajì àwọn tó ń súfèé lọ, ará Ṣáínà náà lọ. Sójà ní tirẹ̀ gbé ọrùn nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo Aránṣọ, ó sì fi apá gbá a lọ́wọ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú débi pé kò lè mú àlùmọ́gàjí.

Ó délé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó sọ òótọ́ fún un, ó ń ka àwọn ẹyẹ tó kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ará Ṣáínà, ọkùnrin náà dijú, ó kọjú sí ògiri. Aránṣọ ò tù ú nínú. Ó kàn jókòó síbẹ̀, títí tí ọwọ́ òsì fi yí padà wá, tó di ọwọ́ rẹ̀ tó wú náà mú, tó ń fi àtàǹpàkò ra á jẹ́jẹ́.

Ilé ṣì wà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ti di ti Aránṣọ. Tí oòrùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú báyìí, kì í kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ kó tó ti ọwọ́ bọ adágún, kó wò ó bóyá omi ti ń gbóná.