Wọ́n Gbé Ẹ̀rọ Kúrò Nínú Èéfín, Wọ́n Fi Ìyá Sáláńsà Síbẹ̀

Ìyá Sáláńsà ti kú. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló kú, lórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ rẹ̀. Orí àga yẹn ló ti ń sùn láti ọjọ́ pípẹ́, torí bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, èémí á ní òun ò lọ mọ́. Ó ní kí ọkọ òun bá òun ṣí fèrèsé. Baba ní, "Ó ti ṣí, ìyá ọmọ mi." Ó ní, "Ẹ bá mi ṣí i sí i." Ibi tí baba ti ń wá fèrèsé mìíràn nínú pálọ̀ tí kò ní ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ ni obìnrin náà ti gbẹ́mìí mì.

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ẹ̀yin ọ̀gá wa ní ibùdó ìyẹ̀wò ọkọ̀ akẹ́rù. Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ yìí dùn yín wọra. Ṣebí mo wà níbi ìsìnkú, mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń fi áńkáṣíìfù nu ojú gbígbẹ. Mo sì rí dírẹ́bà yín tí kò pa ẹ́ńjìnì títí a fi sin òkú tán, kí inú ọkọ̀ lè tutù dè yín. Kò sẹ́ni tó yẹ èéfín ọkọ̀ yẹn wò. Ẹni tí ì bá yẹ̀ ẹ́ wò ló wà nínú pósí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tó ṣe. Òfin ní tírélà kankan ò gbọdọ̀ rìn ní títì láìjẹ́ pé wọ́n ti wọn èéfín rẹ̀. Òfin tó dáa ni. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun máa fa dísẹ́ẹ̀lì símú lọ sílé ìwé? Tírélà á wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì ibùdó, dírẹ́bà á jókòó sókè. Ìyá yìí á dúró sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáláńsà tí èéfín ń gbà jáde, á ki ẹnu ọ̀pá rọ́bà kan bọ inú rẹ̀, á sì pariwo pé, "Tẹná!" Dírẹ́bà á tẹná, ẹ́ńjìnì á bú ramúramù, èéfín á yọ bí ẹni pé ilé ń jó. Á tún ní, "Tẹná!" Wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ á fa díẹ̀ nínú èéfín náà láti inú rọ́bà, á sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ìyókù ńkọ́? Ẹ ò mọ ẹni tó ń fa ìyókù ni?

Àwọn dírẹ́bà ló sọ ọ́ ní Ìyá Sáláńsà. Èébú ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Nínú sáláńsà tírélà, ó yẹ kí asẹ́ kan wà tó ń gba èérú dúró, kó má baà jáde sójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ ló ti yọ tiwọn sọnù, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ wúwo. Bó bá wá di ọjọ́ ìyẹ̀wò, wọ́n á yá asẹ́ ẹlòmíì, wọ́n á dè é mọ́ ọn, bí wọ́n bá ti gba ìwé tán, wọ́n á tú u fún ẹni tó kàn. Ìyá Sáláńsà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jí kútẹ́ẹ̀sì ọmọ rẹ̀, ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun èékánná, ó fi kun ìdí asẹ́ kan láàárọ̀. Kò pẹ́ tí tírélà mìíràn wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó bá pe dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ kú oríire o. Ọkọ̀ yín ti ń kun èékánná. Ìgbà wo ni ìgbéyàwó?"

Gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì ló rẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà yẹn, tí wọ́n ń pè ní Agídí, bínú wọkọ̀, ó fẹ̀yìn rìn jáde. Ṣùgbọ́n ó tún padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú asẹ́ tirẹ̀. Òun ló sunkún jù níbi ìsìnkú, àgbàlagbà ọkùnrin tó sanra bí ìrókò, tó ń fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu imú. Ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, màmá yẹn lé mi padà, ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá mo ti jẹun."

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wa, ká má fi wọ́n sílẹ̀ pẹ́ jù, wọn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa dúró. Nígbà kan, àwọn tó ni ọkọ̀ kọ̀wé ẹ̀sùn pé atẹ́gùn tó ń gba ẹnu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì wọlé ń da ohun tí ẹ̀rọ ń kà rú. Ọ̀gá ibùdó ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn bí wọ́n bá ti ń wọn èéfín lọ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá! Atẹ́gùn ò da nǹkan rú mọ́. Èéfín náà ò sì rí ibi gbà jáde mọ́. Fáànù tó yẹ kó máa fà á jáde láti òkè àjà ti kú tipẹ́tipẹ́, ẹyẹ ti kọ́lé sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹyẹ gan-an kó jáde. Kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, kò béèrè àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó kó tọmọtọmọ rẹ̀, ó lọ. Ẹyẹ ní àǹfààní yẹn, torí kò sí ọmọ tí ń lọ ilé ìwé lọ́rùn rẹ̀.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ó ń sọ ìsọkúsọ, tírélà tí èéfín rẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò, ẹ̀rọ á ní ó mọ́ tónítóní. Háà! Ẹ wá wo bí ẹsẹ̀ ṣe ń pé sí ibùdó. Ìpàdé lónìí, ìpàdé lọ́la. Ìyá Sáláńsà sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà wa, ògiri kan ṣoṣo ló pín yàrá mi àti tiwọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́. Ó ní, "Àbúrò mi, wọn ò ṣe tó báyìí nígbà tí mo bí ìbejì." Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ọkùnrin náà tú u, ó fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀, aṣọ di dúdú. Ó bínú. Ó ní, "Ta ló gbé nǹkan yìí sínú irú èéfín báyìí? Ẹ fẹ́ pa á ni? Ẹ gbé e kúrò níbí."

Wọ́n sì gbé e kúrò lóòótọ́. Ta ló ní ìjọba ò lè ṣe nǹkan kíákíá? Wọ́n kọ́ yàrá onígíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lu ihò sára ògiri kí rọ́bà gígùn lè gba ibẹ̀ wá bá sáláńsà. Ẹ̀rọ wọlé lọ jókòó, ó ń gbatẹ́gùn. Ẹni tó ń ki rọ́bà bọ sáláńsà wà níbi tó wà. Wọ́n tún wá lẹ pátákó mọ́ ara ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà pé: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ ṢÍLẸ̀KÙN YÌÍ, ÈÉFÍN LÉWU FÚN Ẹ̀RỌ. Apá ibo ni pátákó kọjú sí? Ó kọjú sí inú ṣẹ́ẹ̀dì. Ìyá Sáláńsà nìkan ló wà níbẹ̀ láti kà á.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n àwọn tiwa pa á, ó sì jinná dáadáa.

Ìyá náà ò dákẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé kò ráhùn. Ó lọ bá ọ̀gá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ tán, ṣé n lè sáré wọnú yàrá yẹn, kí n máa juwọ́ sí dírẹ́bà látinú gíláàsì?"

Ọ̀gá ní, "Màmá, bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí tó ń pa dé, èéfín á wọlé bá ẹ̀rọ."

"Èmi tí mo wà níta ńkọ́, sà?"

"Hàbà, màmá. Ẹ̀yin ti mọ́ ọn lára."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, mo fẹ́ mí. Ó ti mọ́ ọn lára! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi irin ṣe, kò mọ́ ọn lára. Èèyàn ẹlẹ́ran ara, tí ìyá bí, tí ọkọ fẹ́, òun ni èéfín dísẹ́ẹ̀lì mọ́ lára. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá yìí kàwé o. Sàtífíkéètì rẹ̀ kún ògiri ọ́fíìsì, ọ́fíìsì tó wà lódìkejì ọgbà, níbi tí òórùn dísẹ́ẹ̀lì kì í dé.

Ó kúkú fún un ní ìbòmú, ká má purọ́ mọ́ ọn. Aṣọ pẹlẹbẹ kan báyìí, tó jẹ́ pé bó o bá gbé e sókè, wàá rí ojú ẹni tó wà lódìkejì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dúdú. Ìyá á fọ̀ ọ́, á sá a sórí okùn wa, èmi á máa bú pé ó ń kó èérú bá aṣọ mi. Òun á ní, "Má bínú, àbúrò mi, iṣẹ́ ìjọba ni."

Nígbà tí ikọ́ ò dá mọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ mú un lọ sí ọsibítù. Ránṣọránṣọ ni ọmọ náà, òun náà ti bímọ méjì. Dókítà gbé fọ́tò àyà sókè sí iná, ó wò ó títí. Ó bi ìyá pé, "Màmá, ẹ má fi pa mọ́ fún mi, kí lẹ̀ ń mu? Sìgá ni?"

Ìyá Sáláńsà ní, "Rárá o, dókítà. Tírélà ni mò ń mu."

Ọmọ rẹ̀ ní òun rẹ́rìn-ín, dókítà náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà dókítà yọ awò ojú rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn, inú mi á sì bàjẹ́.

Kí ni ibùdó wá sọ nígbà tó kú? Wọ́n ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ohun tó pa á. Wọ́n ní ó lè jẹ́ èéfín ìdáná ilé ni. Èéfín ìdáná! Obìnrin tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló ń dáná! Bàbá tó ń tún rédíò ṣe, tó máa ń so épírọ́ọ̀nù mọ́ra, tó sì ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí òórùn má baà kan ìyàwó. Gbogbo ilé wa ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wá bi wá léèrè, ẹ̀yin ọ̀gá. Àbí ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù pé ẹ lè gbọ́?

Ìgbà tá a bá kú là á dère, èèyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Ọ̀gá dìde níbi ìsìnkú, ó tún ohùn ṣe, ó ní akíkanjú ni olóògbé, pé ó fi èémí rẹ̀ jìn kí ìlú lè rí atẹ́gùn tó mọ́ fà símú. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi, kò fi nǹkan kan jìn yín. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìgbà tó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí díẹ̀ ṣẹ́ kù fún òun, ẹ ní ilẹ̀kùn ò gbọdọ̀ ṣí.

Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì débi ọ̀rọ̀. Ọ̀gá parí ọ̀rọ̀ ìdárò rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ó ní ìjọba ò ní í gbàgbé ẹbí yìí, pé wọ́n ti fún ọmọbìnrin olóògbé níṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ọmọ náà lọ wo ibẹ̀ lánàá. Ó ní ọ̀gá fi ọ̀yàyà mú òun wọ ṣẹ́ẹ̀dì, ó na ìka sílẹ̀, ó ní, "Ibí ni wàá ti máa dúró. Ibi tí màmá ẹ ń dúró sí gan-an nìyí." Bí ẹni tó ń fi ìtẹ́ ọba han ọmọ ọba. Ọmọ gbójú sókè, ó rí fáànù. Ó béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní tuntun ń bọ̀. Ó béèrè bóyá òun lè dúró sínú gíláàsì títí tí tuntun á fi dé. Wọ́n ní yàrá ẹ̀rọ nìyẹn.

Ó gba ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wọlé bá bàbá rẹ̀. Ó jókòó, ó ní, "Àǹtí, aṣọ rírán ò bọ́ wa mọ́. Iṣẹ́ ìjọba ni. Kí n lọ àbí kí n má lọ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí lẹ bá sọ? Kí n ní kó má lọ, ṣé èmi ni n ó máa bọ́ ọmọ méjì? Kí n ní kó lọ, ṣé ẹ máa tún bá mi wá síbi ìsìnkú ni? Mo ní, "Má dá ara ẹ lóhùn. Jẹ́ káwọn tó gbà ẹ́ síṣẹ́ dáhùn."

Ó yá, ẹ dáhùn. Ẹ má gbé ìgbìmọ̀ kankan kalẹ̀, a ti rí bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ ilé kíákíá bó bá wù yín. Ẹ dá ìyẹ̀wò dúró nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn títí fáànù á fi máa ṣiṣẹ́ tí ilẹ̀kùn á sì ṣí. Ẹ fún ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ní ìbòmú gidi. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká mọ ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin tó wá tú ẹ̀rọ pé èéfín náà ń pa irin, tó wá fọwọ́ sí i pé kí èèyàn máa gbé inú rẹ̀ lọ. Ẹ mú un wá síwájú adájọ́, kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ lójú bàbá yìí àti ọmọ rẹ̀.

Ní ti ìyá, ẹ ní ẹ ò mọ ohun tó pa á. Irọ́ lẹ pa, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́. Ní ti ọmọ, mo ti sọ fún yín báyìí, gbogbo ìlú sì ti kà á. Bẹ́ ẹ bá tún mú un dúró sẹ́yìn tírélà nínú ṣẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ má ṣe wá dárò rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin lẹ pa á.