Agbádá Lórí Ebè Iṣu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe gọ̀ tó, kó wo àwòrán mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ yà fún ìwé ìròyìn wa ní Àrámọ̀kọ. Wọ́n pín ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní Ìlọrọ̀, mo to èèyàn mọ́kànlá sí ìlà kan, mo yà wọ́n. Ìjọ kan ṣí ilé tuntun fún pásítọ̀ wọn, mo to èèyàn mẹ́rìnlá. Wọ́n gbé àga tuntun wá sí ilé-ìwé kan ní Odò-Ọwá, mo to àwọn tíṣà, mo wá to àwọn àga síwájú wọn. Nínú gbogbo wọn, àwọn àga yẹn ló dà bíi pé inú wọn dùn.

Tíṣà ni ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tí wọ́n padà wálé ni wọ́n dá ìwé ìròyìn ọ̀hún sílẹ̀. Èmi ní tèmi, mo jáde girama, mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, yunifásítì sì ní kí n ṣì lọ jókòó ná. Ìyá mi ló lọ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n bá òun fi mí ṣe nǹkan kan, kí gàárì lè pẹ́ díẹ̀ nílé. Bí kámẹ́rà ṣe dọ́wọ́ mi nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀gá rí àwòrán àga, wọ́n bọ́ jígí ojú wọn.

"Ọgbà lo máa ń yà fún mi. Igi tó dúró gbọingbọin. Ṣé kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan ní gbogbo Èkìtì ni?"

"Wọ́n ń ṣe nǹkan, mà. Tí wọ́n bá ti rí mi ni wọ́n máa ń dúró."

"Má jẹ́ kí wọ́n rí ẹ nígbà náà. Bàbá kan wà ní Ìdó-Ilé, iṣu wọn ni gbogbo èèyàn ń sọ. Wọ́n fẹ́ gbé ọ̀kan lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ yà wọ́n. Tó bá tún jẹ́ ọgbà lo gbé dé, fi kámẹ́rà sórí tábìlì yìí, kí o máa lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ."

Kámẹ́rà yẹn nìkan ló jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò máa pè mí ní "ọ̀gá fótò". Kí n tó gbé e kọ́rùn, "ìwọ tó o wà nílé yẹn" ni wọ́n ń pè mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà já mi sílẹ̀ ní Ìdó-Ilé, wọ́n júwe oko bàbá fún mi. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi kòkó kan. Bàbá kúnlẹ̀ nídìí ebè, wọn ò wọ ẹ̀wù, ihò tó wà lára ṣòkòtò wọn ju aṣọ ibẹ̀ lọ, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn wọn, wọ́n ń fọwọ́ ko yẹ̀pẹ̀ kúrò lára iṣu kan tó sanra bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo tẹ kámẹ́rà. Inú mi dùn débi pé mo jó díẹ̀, ni mo bá tẹ ẹ̀ka igi gbígbẹ mọ́lẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, kámẹ́rà gbá mi lágbọ̀n. Mo sọ ẹni tó rán mi.

"O ti yà mí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, bàbá."

"Mú un wá."

Bàbá wò ó pẹ́. Mi ò tíì ya èyí tó dára tó o rí, tí a bá yọ ti ìyá mi tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Pa á rẹ́."

"Bàbá, ó mà dáa. Bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn."

"Mo mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Méjì ń ṣe tíṣà, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì á ní, 'Bàbá yín rèé nínú àkísà, kí lẹ wá ń fi owó oṣù ṣe?' Ṣé ìwọ lo máa bá wọn dáhùn?"

Bàbá tèmi náà, tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ya fótò, aṣọ Kérésì ni wọ́n ń lọ wọ̀. Mo pa á rẹ́ lójú wọn, ó sì ṣe mí bíi pé iṣẹ́ mi ni mo pa rẹ́.

Bàbá lọ sílé. Ìgbà tí wọ́n máa fi padà dé, agbádá funfun ló wà lọ́rùn wọn, fìlà aṣọ òkè, bàtà dúdú tó ń dán. Ìyàwó wọn ru àga oníke tẹ̀lé wọn. Bàbá jókòó sáàárín ebè méjì, wọ́n fọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, ojú wọn le bíi ti ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Mo yà á. Ọgbà ni. Ọgbà olówó, àmọ́ ọgbà ni.

"Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Ọjọ́ ìgbéyàwó wa gan-an, wọn ò rẹ́rìn-ín," ìyàwó wọn ló dá mi lóhùn.

"Uṣu dà?" bàbá ní. "Ẹ̀gbẹ́ mi ló yẹ kó wà. Ìwọ, bá mi wà á jáde. Aṣọ mi ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀."

Ọmọ Èkìtì ni mí o. Iṣu tí mo ti jẹ láyé, ẹ má bèèrè. Inú ìkòkò la sì ti máa ń pàdé. Mo gbé àdá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún yẹ̀pẹ̀.

"Orí ẹ̀ lò ń gún yẹn," bàbá ní láti orí àga.

Mo sún sápá ọ̀tún.

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Mo sún sápá òsì.

"Ẹsẹ̀ ara ẹ nìyẹn."

"Ilé ta ni wọ́n ti bí eléyìí?" ìyàwó bàbá ní. "Ó ń wa uṣu bí ẹni tó ń pa ejò."

Ojú tì mí, mo ju àdá sílẹ̀, mo gbá iṣu mú lọ́rùn, mo fà á. Ó dún kẹ́ẹ́.

Mi ò mọ ìgbà tí bàbá bọ́ bàtà. Wọ́n ti ká apá agbádá sí èjìká, wọ́n tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kúnlẹ̀ gbì, wọ́n ń fi ìka tú yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyàwó wọn sáré dé ẹ̀yìn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé etí agbádá kúrò nílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé aṣọ ìyàwó tuntun wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló máa fọ̀ ọ́? Èmi náà ni," ni ìyàwó wọn ń sọ. "Ẹ ń gbọ́? Èmi náà ni."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ojú wọn ò kúrò lára iṣu.

Mo gbé kámẹ́rà sójú. Mo tún gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n yà á?"

"Ṣé agbádá mi ń hàn?"

"Ó ń hàn dáadáa."

"Fìlà ńkọ́?"

"Ó wà lórí yín."

"Yà á, kí o sì kúrò lẹ́bàá uṣu mi."

Ọ̀gá mi wo àwòrán náà, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé, mo sì jẹ́wọ́ èyí tí mo pa rẹ́. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "O ṣeun." Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé bàbá sí.

Ọmọ wọn tó wà ní Adó pe ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ tó jáde, ó ní ká bá òun fi ẹ̀dà mẹ́wàá pamọ́. Ó ní àwọn ará ibi iṣẹ́ òun ń bèèrè bóyá gbogbo àgbẹ̀ Ìdó-Ilé ló ń wọ agbádá lọ sóko.

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. "Ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Ìjerò lọ́la," wọ́n ní. "Tètè lọ, kí wọ́n tó ráyè tò sí ìlà."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, kí wọ́n má baà yí ọkàn padà.