Géèmù ọkùnrin tó ń kú sómi

Ọ̀rọ̀ géèmù lásán la ń sọ lónìí ní Màhìntẹ̀dó, nílẹ̀ Ìlàjẹ.

Èmi àti Dàpọ̀ àbúrò mi ń fi fóònù mi to àwọn apá géèmù kan tá a gbá dàgbà bí wọ́n ṣe dùn tó, géèmù tí ọkùnrin kékeré ti ń fò láti orí pákó kan sí òmíràn. Apá wo ló dùn jù?

Mo ní, "Apá kìíní ló kẹ́yìn. Tó bá ti já sómi, ó kú. Ọmọ Ìlàjẹ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ní apá kẹta, ó ti mọ̀wẹ̀."

Ìyá wa ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọn ò gbójú sókè.

"Bàbá yín náà mọ̀wẹ̀."

Ọkọ̀ bàbá wa nìkan ni òkun dá padà.

Dàpọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé apá kìíní lọ sókè pátápátá. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ibo lẹ máa fi í sí?