Ìwé Oúnjẹ Ìyá Mi àti Agolo Òṣòdì

Òórùn ìwé tó ti mu omi òjò, tí oòrùn òwúrọ̀ sì ń pa, ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá rántí ilé wa ní Ìsọlọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, páànù ilé jò, àwọn ìwé oúnjẹ ìyá mi tó wà lórí àpótí sì rin gbingbin. Sátidé ni. Kí fèrè ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wa tó dún fún àwọn tó ń wọṣẹ́ láàárọ̀, ìyá mi ti tẹ́ ẹní ságbàlá, wọ́n ń ṣí àwọn ìwé náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú wọn. Ìyá Wàsíù, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ó ní, "Ìyá Fúnmi, ẹ wá ń sá ìwé bí ẹní ń sá èlùbọ́. Ṣé a máa rò ó lọ́sàn-án ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni inú ń bí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, inú mi sì tètè máa ń bí. Kò tíì yí padà.

Ìyá mi kì í ta oúnjẹ. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ilé nìkan ni wọ́n ti ń dáná. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù bá ti wọlé, wọ́n á mú mi dání, ó di Òṣòdì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù lórí tàpólì. Ìyá mi kì í wo ìwé mìíràn. Ìwé oúnjẹ ni wọ́n ń wá, pàápàá èyí tí ọbẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti ta sí ojú ewé rẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn ni ẹ̀rí pé ẹni yẹn gba ìwé náà gbọ́. Àwọn kan nínú ìwé yẹn kàn ń kọ́ni bí a ti ń se nǹkan ni, àwọn kan sì jẹ́ ìtàn ẹni tó ń rántí ohun tí ìyá rẹ̀ fún un jẹ. Irú ìkejì yìí ni ìyá mi fẹ́ràn jù. Wọ́n á máa kà á sókè fún wa nígbà tí a bá ń jẹ ẹ̀bà, bàbá mi á ní òkèlè òun ti ń bá bọ́tà òyìnbó sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí kọ tiwọn sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. "Ohun tí a ò bá kọ sílẹ̀," wọ́n á ní, "ẹnu ló máa jẹ ẹ́ tán." Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ búlúù. Ojú ewé kìíní ni ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá wọn sè fún wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú bàbá wọn bọ̀ láti oko. Wọ́n kọ ọ́ pé ìyá àwọn ń sunkún, ó ń ro ìkòkò, kò sì jẹ́ kó jóná, torí pé àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Mo mọ ojú ewé yẹn sórí títí dòní.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ agolo kan báyìí. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Òṣòdì, obìnrin kan ń wọn ìrẹsì fún wa. Ìyá mi kàn ti ọwọ́ bọ inú agolo náà, ọwọ́ wọn kò sì jìn tó bó ṣe yẹ. Ẹnì kan ti fi nǹkan lu ìdí rẹ̀ wọ inú, kó má baà gba ìrẹsì púpọ̀. Mo rò pé ìjà máa bẹ́, mo ti ń múra ẹnu mi sílẹ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ ta agolo yìí fún mi." Obìnrin yẹn rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Wọn kò ṣàwàdà. Wọ́n san owó agolo tó lè ra tuntun méjì, wọ́n jù ú sínú àpò. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ mọ́ láyé."

Agolo yẹn di ìwọ̀n ilé wa. Nínú ìwé ìyá mi, bí o bá rí "agolo wa mẹ́rin", òun ni. Ìrẹsì: agolo wa mẹ́rin, omi ìgò méjì. Ìyẹ̀fun ṣinṣín: agolo wa márùn-ún, ẹyin mẹ́ta. Nǹkan kì í yẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, torí pé agolo àti ọwọ́ ti mọ ara wọn.

Àǹtí Tólá ló wá ba nǹkan jẹ́. Ọmọ ìjọ wa ni, Àjàó Estate ló ń gbé, ó máa ń kọ́ àwọn obìnrin ní oúnjẹ sísè nínú gáréèjì ilé rẹ̀. Ìyá mi jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, síbẹ̀ wọ́n ń pè é ní Àǹtí torí ìwé tó kà. Ẹnì kan sọ fún un pé Ìyá Fúnmi ní ìwé kan. Ó wá sílé wa, ó jókòó sórí àga tí bàbá mi máa ń jókòó sí, ó tọ́ ìrẹsì wa wò, ó ní kí wọ́n yá òun ní ìwé náà fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n fi nálọ́ọ̀nù tuntun wé e fún un. Ọjọ́ mẹ́ta di oṣù mẹ́rin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún tí mo pé mọ́kànlá, tí ìyá mi ṣì wà níbi iṣẹ́, Àǹtí Tólá dé. Ó ní òun fẹ́ mọ agolo tí ìyá mi ń pè ní "agolo wa". Ó kó àwọn bébà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lé orí itan, èmi sì ń kàwé sáré nígbà náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, òkú bàbá, ẹkún àti ìkòkò, ó sì kọ ọ́ pé "ìyá mi". Ìyá mi, ó ní. Obìnrin yìí mú ìyá àgbà mi, ó sọ ọ́ di ìyá tirẹ̀! Agolo wa wà lórí odó lẹ́yìn mi gan-an. Mo fi ẹ̀yìn bò ó, mo na ọwọ́ sí agolo Ìyá Wàsíù tó wà lórí pẹpẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀, agolo tòmátò tó pé pérépéré. Mo ní, "Òun nìyẹn, mà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó fún mi ní súìtì. Nígbà tó lọ tán, mo sọ súìtì náà sí gọ́tà.

Mo sọ ohun tí mo kà fún ìyá mi, mi ò sọ ti agolo. Wọ́n ní bóyá ó ń bá wa tún un kọ ni. Kó tó di Kérésì, ìwé náà jáde, wọ́n ń tà á níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, àwòrán Àǹtí Tólá wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí onígi lọ́wọ́. Kò sí orúkọ ìyá mi níbì kankan, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi ṣe. Wọ́n tò sórí ìlà, wọ́n ra méjì. Wọ́n fi ọ̀kan sáàárín àwọn ìwé wọn, wọ́n fi ìkejì pamọ́ fún Àǹtí Bísí, àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ ní Ailegun. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Fúnmi, ìyá mi ti wọ inú ìwé. Ta ni nínú ìran wa tó wọ inú ìwé rí?" Mo ní ìyá Àǹtí Tólá ló wọ inú ìwé. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe bínú sí olè náà lọ, mi ò sì lè purọ́ pé ó ti tán.

Àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Àwọn àna Àǹtí Bísí wá kí i nígbà àkọ́kọ́, ó sì ṣí ìwé, ó wọn agolo tòmátò mẹ́rin, ó bu omi ìgò méjì. Ìrẹsì jóná nísàlẹ̀, kò jinná lókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé wọn kì í dáná nílé yín ni?" Ilé wa ló sá wá, ó ń sunkún. Ìyá mi mú ìwé náà, wọ́n fi agolo wa sè é, ó jinná rẹ́gí. Wọ́n bá dìde, wọ́n lọ yá agolo Ìyá Wàsíù, wọ́n bu ìrẹsì kún un, wọ́n dà á sínú tiwa. Ó kún, ó sì ń dà sílẹ̀.

Wọ́n pè mí. "Agolo wo lo fi han Àǹtí Tólá?"

Mo sọ òtítọ́. Wọn kò nà mí, ó sì wù mí kí wọ́n nà mí. Wọ́n ní, "Mo ra agolo yìí kó má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ìwọ wá fi rẹ́ Bísí jẹ." Wọ́n ní ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà, kí n lọ sí Àjàó lọ́jọ́ kejì, kí n sọ ìwọ̀n tó tọ̀nà fún Àǹtí Tólá, nítorí àwọn tó ra ìwé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo lọ. Mo dúró níwájú géètì rẹ̀, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin inú gáréèjì ń pè é ní Mádáàmù, mo yí padà. Mo sọ nílé pé mo ti jíṣẹ́, pé Àǹtí Tólá ní ẹ ṣé. Ìyá mi gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, ìyá mi ra ọ̀kan, wọ́n wo ojú ewé ìrẹsì, wọ́n mirí. "Ó yẹ kí wọ́n ti tún un ṣe," wọ́n ní. Mò ń fọ abọ́, mi ò gbójú sókè. Títí ìyá mi fi kú, wọ́n gbà pé olórí kunkun ni Àǹtí Tólá.

Ailegun lèmi náà ń gbé báyìí. Mo jogún ìwé ìyá mi, mo jogún àìsàn ìwé rírà, ìwé oúnjẹ kún ògiri pálọ̀ mi láti òkè dé ilẹ̀. Agolo náà wà láàárín wọn. Ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun, wọ́n ní. Mo ti ń retí ọjọ́ kan yẹn láti ìgbà èwe mi. Nígbà tí mi ò rí i, mo wá ọ̀nà tèmi: ibikíbi tí mo bá ti rí ìwé Àǹtí Tólá lórí tàpólì ní Òṣòdì, mo máa rà á, mo máa fi bírò fagi lé orúkọ rẹ̀, mo máa kọ ti ìyá mi, mo máa dá ìwé padà fún ẹni tó ń tà á kó tún un tà.

Sátidé tó kọjá, mo ń fagi lé ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan dúró tì mí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìwé yẹn dáa? Ẹ̀gbọ́n mi ní ìrẹsì inú ẹ̀ kì í jinná." Mo ní ìyá mi ló kọ ọ́, pé ó dáa. Ojú ewé ìrẹsì ṣí sílẹ̀ níwájú mi, bírò wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré tó máa tún ìwọ̀n náà ṣe ló kù kí n kọ. Mo wo "agolo tòmátò mẹ́rin", ojú Àǹtí Tólá sọ sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀, pẹ̀lú súìtì rẹ̀. Mo pa ìwé dé, mo gbé e fún ọmọ náà, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà náà kò mọ ẹni tí òkò rẹ̀ máa bà. Èmi òní mọ̀ ọ́n. Mo ti rí ojú ọmọbìnrin yẹn, ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó lọ. Agolo tí ìyá mi fi owó wọn rà kúrò lọ́jà, èmi ni mo dá a padà.