Orin Bachint Kaur àti Ẹfọ̀n Tó Fi Wàrà Du Abúlé

Ọlọ́run fún Bachint Kaur ní ọkàn tó fẹ́ràn orin, ó fún un ní èémí tó gùn, ó wá gbàgbé ohùn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ orin ní Kotla Nihal, abúlé wọn ní ilẹ̀ Punjab, àfàìmọ̀ kó máà lọ parí ẹ̀ sí abúlé kejì. Òun nìkan ni kò mọ̀. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń jí ní ìdájí, á wẹ̀, á borí, á jókòó ti ẹfọ̀n ilé wọn, á máa fún wàrà, á sì máa kọ orin àwọn Gúrú, àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Sikh wọn. Bhuri, ẹfọ̀n tó wà nílé báyìí, inú orin náà ni wọ́n bí i sí. Ní ti Sohan Singh, ọkọ rẹ̀, etí ẹ̀ kan ti di. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, á fi etí tó ń gbọ́rọ̀ lé ìrọ̀rí, á sì sùn fọnfọn.

"Olúwa ò dití o," ni ó máa ń wí. "Èmi ni mo dití."

"Ìdí tí mo ṣe ń kọ ọ́ sókè nìyẹn, kí ìwọ náà lè rí ìbùkún gbà."

Nígbà tí ọdún ìbí Gúrú Nanak ń bọ̀, Bachint lọ sí gurdwara, ilé ìsìn wọn, ó ní òun fẹ́ jókòó láàárín àwọn akọrin níwájú Ìwé Mímọ́. Bhai Gurdit, tó ń tẹ dùùrù tó sì ń ṣáájú orin, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá korò kì í jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí.

"Bibi ji, ìyá wa, ta ni yóò wá máa ṣe roti fún èrò? Ẹ̀yin mà ni òpó ilé ìdáná wa!"

Inú Bachint dùn dé eékánná. Ó lọ jókòó ti iná, ó ń pa ìyẹ̀fun roti pẹlẹbẹ bí àkàrà, ó sì ń kọrin. Ohùn rẹ̀ gba orí ògiri kọjá, ó wọ gbọ̀ngàn, ó gbéjà ko orin tí wọ́n ń dánra wò níbẹ̀. Onílù ṣi ìlù lù. Bhai Gurdit tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀.

Melo, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń yí roti lórí iná, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, o ò tíì mọ̀ ni? Ọgbọ́n ni wọ́n fi lé ẹ kúrò níwájú. Roti ẹ gan-an, èèyàn lè fi lẹ bàtà."

"Irọ́ ni ẹ̀ ń pa, ẹ̀gbọ́n."

"Bi ẹnikẹ́ni léèrè."

Bachint nu ọwọ́, ó bá tirẹ̀ lọ sílé. Láti ìdájí ọjọ́ kejì, ńṣe ló pa ẹnu mọ́ tó ń fún wàrà, kò kọrin mọ́. Bhuri yíjú wò ó, ó dúró, ó tún wò ó. Ẹ̀kán wàrà kan ò jáde. Wọ́n fún un ní ṣúgà ìrèké, ó jẹ ẹ́, kò fún wọn ní nǹkan kan. Sohan jókòó, ó kọrin fún un; Bhuri ta garawa nípàá, garawa gbá a lórúnkún. Wọ́n fi fóònù gbé orin akọrin ńlá kan sí i. Bhuri yí ìdí sí fóònù, ó tọ̀.

Wàrà Bhuri sì ni wọ́n fi ń se ìrẹsì oníwàrà ọjọ́ ọdún, tórí kò sí wàrà tó ki tó o lábúlé. Ni Bhai Gurdit bá gbé dùùrù kékeré rẹ̀ lé èjìká, ó wá sí ibùso ẹran.

"Bibi ji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa."

"Ẹ tẹ dùùrù yín fún un. Ẹ̀yin lẹ mọ orin."

Ó jókòó lórí garawa tó dojú dé, ó kọ orin tó dùn bí oyin. Bhuri ń jẹ àpọ̀jẹ, bíi pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀.

"Bhai ji," ni Bachint wí wẹ́rẹ́, "ṣé lóòótọ́ ni ohùn mi ò dáa?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wo ẹfọ̀n. Kò rí olùrànlọ́wọ́. "Kò dáa, Bibi ji."

"Kò dáa báwo?"

"Bí ìgbà tí ológbò há sẹ́nu ilẹ̀kùn."

"Kí ló wí?" ni Sohan bi wọ́n látẹnu ọ̀nà.

"Ó ní mo dà bí ológbò!"

"Háà, ó pọ́n ẹ lé."

Bachint fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìwo Bhuri mú kó má baà ṣubú.

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ̀bi," ni Bhai Gurdit wí. "Ẹni tí à ń kọrin fún ò fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé kó máa yẹ ohùn wò. Èmi ni mo fi ara mi síbẹ̀."

Bachint fi ìwo Bhuri sílẹ̀. Ó borí, ó fa garawa mọ́ra, ó gbé orin. Bí ìlà àkọ́kọ́ ti parí ni Bhuri gbórí sókè: "Ùùùùn!"

Bhai Gurdit tẹ dùùrù kíá, ojú ẹ̀ là. "Ẹ gbọ́! Ó bá ohùn dùùrù mu gẹ́lẹ́!"

"Ta ni? Èmi?"

"Rárá o. Ẹfọ̀n."

Wàrà sì ti ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ sínú garawa.

Lọ́jọ́ ọdún, àárín àwọn obìnrin nínú gbọ̀ngàn ni Bachint jókòó sí. Bí àwọn akọrin bá dá a, gbogbo ìjọ a gbè é, òun náà a gbè é. Ó dijú. Nígbà tó yá, ó gbàgbé dùùrù, ó gbàgbé àwọn tó ń wò ó, omi kan ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì nù ún.

Melo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ìyàwó wa, o ti yà kúrò lórí orin o."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Bachint wí, ó sì ń kọ ọ́ lọ.